Adìrẹ Ẹlẹ́kọ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Kúrò Lọ́dọ̀ Alágbàtọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago 10 àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní Peckham, ní London, a óò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kúrò lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní adìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí a tó rẹ ẹ́ láró. Òfin England fún wọn ní olùdámọ̀ràn títí dé ọmọ ọdún 25, ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn kì í ṣe ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ohun tó wù wọ́n. Ẹ má bi wọ́n nípa òbí o, àfi bí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ọ́. Aṣọ tí wọ́n bá rẹ láró, tiwọn ni.

Ẹ mú aṣọ funfun olówùú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà wá. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí DBS (ìwé ìjọba tó ń fi hàn bóyá ẹnì kan ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn), iṣẹ́ ìdáná ló kù fún un. Ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di Ọjọ́rú.