Ìpè fún Ìdáwó lórí Òjé Inú Omi Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ kí yín, a sì kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn ọmọ tó ń fi ife gba omi mu lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí púpọ̀ nínú wa ti kàwé mẹ́fà. Àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n ṣe sí omi náà fi hàn pé òjé (irin olóró tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lead) wà nínú rẹ̀, àti pé ní ẹnu àwọn ẹ̀rọ kan ó ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Ìlànà omi mímu tí SON, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ìlànà ọjà, gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà ní ọdún 2007 kò fàyè gba ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan, iye kan náà sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ yìí sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Òjé kì í yí àwọ̀ omi padà, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Nínú iye òjé kan náà tí ọmọdé àti àgbà bá gbé mì, ara ọmọdé lè gba ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ohun tí ara àgbà gbà, ó sì máa ń burú sí i fún ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ àti eegun lókun tó. Bó bá wọlé tán, inú eegun àti eyín ló ń sá pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń fa inú rírun àti àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló ń bà jẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó bá ti bà jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Ọmọ tí a ń pè ní olódo, tí a ń nà lẹ́gba nítorí pé kì í fara balẹ̀ sí ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ọ, lè má jẹ́ olódo rárá.

A kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí ọmọdé tó ju irinwó (400) lọ ti kú nítorí eruku òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé láti fi wá wúrà, pọ̀ fíìfíì ju tiwa lọ. Èyí tó jọ tiwa ni ọ̀rọ̀ ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Ní ọdún 2014, àwọn aláṣẹ ìlú náà fẹ́ ṣọ́wó ná, wọ́n yí orísun omi wọn padà sí odò Flint, wọn kò sì po èròjà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù mọ́ ọn. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páìpù, òjé sì wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe inú odò ni òjé náà ti wá bí kò ṣe inú páìpù àtijọ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa. Omi tí wọ́n bù ní orí kànga dẹ̀rọ, kí ó tó dé tánkì, kò ní òjé tí àyẹ̀wò lè rí. Èyí tí wọ́n gbà lẹ́nu ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, ni òjé rẹ̀ pọ̀ jù, nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wálẹ̀. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò wa kan díẹ̀ (ó ní ásíìdì díẹ̀ nínú), bí ó bá sì dúró sínú irin láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, yóò máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tí a fi idẹ ṣe ló pọ̀ jù lọ́jà, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń po òjé mọ́ idẹ kí ó lè rọrùn láti gé. Àwọn olùṣèwádìí tó yẹ ẹ̀rọ omi wò ní Gánà, Málì àti Niger, tí wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 2021, rí ohun kan náà pé àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí a fi idẹ ṣe wà lára ohun tó ń tú òjé sínú omi.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ kànga dẹ̀rọ mìíràn fún wa. A mọ̀ pé kànga tuntun wu olóore, nítorí pé a lè kọ orúkọ sára ògiri rẹ̀, kí Kábíyèsí sì wá ṣí i. Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ mẹ́wàá, tí a sì de irú ẹnu ẹ̀rọ kan náà mọ́ ọn, omi kan náà ni àwọn ọmọ yóò mu. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ní ariwo nínú: ẹnu ẹ̀rọ, páìpù, oríkèé páìpù àti owó àyẹ̀wò. Àwọn kan tún dábàá pé kí wọ́n máa se omi náà. Sísè ń pa kòkòrò, kì í yọ òjé. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i.

Olùkọ́ àgbà ti pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ má mu omi ẹ̀rọ náà mọ́. Wọ́n ṣì lè fi fọ ọwọ́ àti ilẹ̀, nítorí pé òjé inú omi kì í gba awọ ara wọlé. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló ń ra omi tí wọ́n ń mu báyìí, owó náà sì ti ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a tú gbogbo páìpù irin àtijọ́ náà, kí a fi oníke tí a ti yẹ̀ wò rọ́pò rẹ̀, kí a de ẹnu ẹ̀rọ tí kò ní òjé, kí a sì tún omi náà yẹ̀ wò kí ọmọ kankan tó mu ún. Lẹ́yìn èyí, a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Apá tó kẹ́yìn yìí ni a kò gbọdọ̀ fi ṣeré, nítorí pé ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ báyìí ti máa ń kú.

Ìgbìmọ̀ ń béèrè ₦10,000 lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà ní Nàìjíríà, àti £30 tàbí $40 lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó mú ohun tó bá ní wá, a kò ní kọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà lè fi ẹnu ẹ̀rọ ránṣẹ́ dípò owó: láti ọdún 2014, òfin ibẹ̀ kò gbà kí òjé ju ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára ibi tí omi ń fara kàn, àmì tí ẹ ó sì wò lára páálí ni NSF/ANSI 372. Ẹ jọ̀wọ́, èyí tí kò bá ní àmì, ẹ má rà á, bó ti wù kí ó dán tó. Ọmọ ìlú tó bá jẹ́ púlọ́ḿbà, tó sì lè fi ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tàbí méjì sílẹ̀, kí ó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.

Inú àpò owó ẹgbẹ́ ní báńkì nìkan ni kí ẹ san owó sí, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Akápò yóò fún olúkúlùkù ní rìsíìtì, a ó sì ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ní ìpàdé gbogboogbò. Èsì àyẹ̀wò omi náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìsinmi gígùn ni a fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí àwọn ọmọ kò sí nínú ọgbà, nítorí náà kí owó dé ọ̀dọ̀ akápò kí wọ́n tó gba ìsinmi.

Akọ̀wé Àgbà,
lórúkọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ẹgbẹ́