Shuri Yẹ Lẹ́ni Tí À Ń Gbóríyìn Fún

Sí Olóòtú,

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí fíìmù Black Panther: Wakanda Forever ti jáde ni àwa olólùfẹ́ fíìmù akọni ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kò tó ti àkọ́kọ́, pé Shuri, àbúrò T'Challa ọba Wakanda, kò ní ìdàgbàsókè kankan nínú rẹ̀, àti pé ńṣe ni ó yẹ kí wọ́n fi òṣèré mìíràn rọ́pò Chadwick Boseman, òṣèré tó ṣe T'Challa, tí àrùn jẹjẹrẹ pa ní ọdún 2020, kí T'Challa lè máa jọba lọ.

Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ryan Coogler, olùdarí fíìmù náà, fi ọ̀fọ̀ yẹn ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn, orí rẹ̀ ni Shuri sì ti dàgbà lójú wa. Ẹ wo ibi tí ó ti mu oògùn tí ń sọ ènìyàn di Black Panther, tí ó sì ń jẹ́ kó rí òkú ìdílé rẹ̀, tí ó ń retí pé ìyá òun tó ti kú ni òun yóò rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé Killmonger, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó gba ìtẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ni ó bá níbẹ̀. Ọmọbìnrin aláwàdà inú apá kìíní ti di ẹni tí ẹ̀san gbà lọ́kàn, síbẹ̀ ó dá ẹ̀mí Namor, ọba abẹ́ òkun tó fa ikú ìyá rẹ̀, sí. Àwọn tó ní kò sí ìdàgbàsókè nínú ìyẹn, kí ni wọ́n ń wò?

Lóòótọ́, ẹ̀dá ìtàn pọ̀ jù níbẹ̀. Riri Williams, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ, ìbá dúró de eré tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé kan, Ìbàdàn