Kí o tó wọ ilé tí wọ́n ní iwin ń gbé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lánàá. O ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ lọ wo ilé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù ohun ìgbà láéláé, àti pé gbogbo ènìyàn ló ní iwin ń rìn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. O ní ṣé kí o lọ. Máa lọ, ọmọ mi. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iwin.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, èmi náà wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn kan wà tí wọ́n kó àga àti dígí ńláńlá sí. Fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa, hítà onígáàsì kan sì ń jó ní igun. Dígí kan dúró níwájú mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń bó, tó ní àbààwọ́n dúdú kéékèèké bí ìgbà tí wọ́n ta yíǹkì sí i. Bí mo ṣe ń wò ó ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, àyà mi ń já, ó sì dá mi lójú pé ẹnìkan wà lẹ́yìn mi. Mo wo inú dígí náà, èmi nìkan ni mo rí. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìgbà tí atẹ́gùn ìta fẹ́ sí mi ni ara mi wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ròyìn fún àwọn ènìyàn pé mo pàdé òkú.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ohun tí dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, William Wilmer, kọ ní 1921. Ìdílé kan kó wọ ilé ńlá àtijọ́ kan. Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń rí àjèjì nínú yàrá. Ààrò tó ń mú ilé gbóná ló bàjẹ́, tó ń tú gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide sí wọn lára. Gáàsì yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ka ìwé náà tán, mo jókòó, mi ò lè dìde. Obìnrin àgbà tó ń tajà níbi tí mo ti sá jáde, inú yàrá yẹn ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mi ò sọ ohunkóhun fún un. Iwin ni mo rò, mo sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀yin méjì, mẹ́ta pa pọ̀ níbẹ̀, ẹ má dúró jiyàn. Ẹ jáde, ẹ sì pe ẹni tó ni ilé.

Ti ìró tí ẹ máa gbọ́, ẹ fi ara balẹ̀. Pákó a máa wú nínú ooru, a sì máa sún kì bí òtútù alẹ́ bá dé, ìyẹn ló ń dún bí ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vic Tandy, rí ohun kan tó ní àwọ̀ eérú ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, òógùn tútù bò ó. Ó wádìí rẹ̀ títí ó fi kan fáànù kan tó ń mi afẹ́fẹ́ yàrá ní bí ìgbà 19 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró tó rẹlẹ̀ ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ. Ó gbà pé òun ló fà á, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1998. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ ó padà lọ wò ó.

Má ṣe ha ọ̀dà tó ń bó lára nǹkan, òjé lè wà nínú rẹ̀. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun.

Bí ohun kan bá wù ọ́ rà, má ra ìtàn mọ́ ọn. Fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde, kí o yí i dojú dé. Ibi tí pákó méjì ti gbá ara wọn mú ní igun, bí ọwọ́ ènìyàn ló gé e, eyín rẹ̀ kì í dọ́gba. Skúrúù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú kò dé ọjà ṣáájú àwọn ọdún 1930. Bí o bá bá a lára àga tí wọ́n ní ó ti pé igba ọdún, béèrè bóyá wọ́n tún un ṣe ni.

Jọ̀wọ́, ẹ má pariwo pe òkú níbẹ̀ nítorí fídíò. Àwọn tó lo nǹkan wọ̀nyẹn ní ìyá, wọ́n ní ọmọ.

Kí o tó kúrò, lọ bá ẹni tó ń tajà, kí o kí i dáadáa, kí o sì bi í bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é láti ìgbà tó ti ń jókòó sínú ilé yẹn.

Èmi ni, ìyá rẹ