Bọ̀dá mi, ẹ má tíì ta ilé Pápá

Phoenix, Arizona
20 Oṣù Kẹwàá, 2024

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Wàsíù, mo kí gbogbo ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dun Ìyá Wàsíù ti fúyẹ́ díẹ̀? Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní Wàsíù fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì kó wá sí Phoenix pátápátá, kí ẹ wá fi ibí ṣe ibi ìfẹ̀yìntì, kí ẹ sì ta ilé Pápá. Ó ní kò sí yìnyín, kò sí òtútù burúkú, ooru bíi ti ilé ni. Ẹ wá bi mí pé, "Ooru tí wọ́n bí wa sínú rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi wá ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè fi ohùn dáhùn lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí ẹ lè kà á fún Ìyá Wàsíù náà.

Wàsíù kò parọ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ibí dára. Oòrùn á ràn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú ọ̀run á mọ́, òjò kì í sábà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó tó ti dàgbà máa ń sá fún yìnyín ìlú tiwọn wá síbí lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àwọn yẹn ń ṣe: tí oṣù Kẹrin bá ti ń parí lọ, wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á padà sílé. Àwọn tó mọ ibí dunjú ni wọ́n ń sá kúrò níbẹ̀.

Ooru ibí kì í ṣe ẹbí ooru Ẹ̀pẹ́ rárá. Tiwa ní omi nínú. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lára, a ó kùn, àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn á ti orí ọ̀sà fẹ́ wá, èèyàn á gbé àga síta. Tibí gbẹ. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án oṣù Keje, àfi bí ẹni bẹjú wo inú ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìwọ̀n ooru ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí n fi iye sọ ọ́ fún yín. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ 31 léraléra ni ooru fi dé ìwọ̀n 43 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A rò pé a ti rí òpin rẹ̀. Ọdún yìí dé, ọjọ́ 70 ló ti dé 43 yẹn, nígbà tó jẹ́ pé 55 ni gbogbo ti èṣí. Láti 27 oṣù Karùn-ún títí di 16 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 113, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò dé nǹkan bíi 38. Ọ̀sẹ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí, oṣù Kẹwàá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Òru ló wá ń dá mi lágara jù. Gbogbo ìlú jẹ́ ọ̀dà àti kọ̀ǹkéré. Wọ́n á mu oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ lóru. Ní oṣù Keje ọdún 2023, òru kan wà tí ooru kò wálẹ̀ ju 36 lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bọ̀dá mi, òru nìyẹn o! Ó gbóná ju ọ̀pọ̀ ọ̀sán Ẹ̀pẹ́ lọ. Omi ẹ̀rọ pàápàá, tí ẹ bá ṣí i láti ṣe àlùwàlá Àsárì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbígbóná ló ń jáde, ẹ kò sì tan iná sí i.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú, nítorí náà ibi yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Ara àgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Òógùn kì í sì í yọ lára wọn bó ṣe ń yọ lára ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ òógùn yẹn ló ń mú ara tutù. Níbí, ìwọ̀nba tó bá tilẹ̀ yọ kì í dúró lára. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti gbé e lọ, èèyàn á máa rò pé òun kò làágùn, nígbà tí omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò, èyí tó ń jí yín láti tọ̀ yẹn, ó wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kìlọ̀ lé lórí fún wa níbi iṣẹ́ nígbà ooru, nítorí pé omi ló ń lé jáde lára. Mo ti rí bàbá kan tó ń sọ̀rọ̀ geere láàárọ̀, tó sì di ọ̀sán tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, nítorí pé ó lọ tún òdòdó ṣe lẹ́yìnkùlé. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Maricopa County, tí Phoenix wà nínú rẹ̀, máa ń ka àwọn tí ooru pa lọ́dọọdún. Lọ́dún 2023, èèyàn 645 ni. Àwọn tí kò nílé lórí pọ̀ nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó kú sínú ilé ara wọn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú sínú ilé ló ní AC, àmọ́ AC náà kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ní Ẹ̀pẹ́, tí NÉPÀ bá múná lọ, ẹ ó bú wọn, ẹ ó jáde síta, ó tán. Níbí, iná kì í sábà lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló di ẹ̀mí yín mú fún oṣù mẹ́rin. Tó bá bàjẹ́ nínú oṣù Keje, gbogbo ìlú ló ń pe àwọn tó ń tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà. Owó iná oṣù Keje sì lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti oṣù Kejì. Òfin wà tí kì í jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ iná tó wà lábẹ́ àkóso ìpínlẹ̀ gé iná onígbèsè nígbà ooru, ṣùgbọ́n gbèsè náà á dúró dè ẹni títí ooru á fi lọ.

Ẹ fẹ́ràn ìrìn. Ẹ ń ti ilé rìn dé mọ́sálásí, ẹ ń gba ọjà Ayétòrò kọjá, gbogbo èèyàn ń kí yín ní Ọ̀gá Tíṣà. Níbí, mọ́tò ni fún ohun gbogbo. Mọ́sálásí wà, ó sì dára, àmọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa gbé yín lọ, yóò sì jẹ́ ìgbà tó bá ráyè. Wàsíù ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹ ó wà nínú ilé, fèrèsé pípadé, kọ́tìnì fífà bolẹ̀, kí oòrùn má bàa wọlé. Tí àgbà bá ṣubú sórí ọ̀dà lọ́sàn-án, tí kò sì lè tètè dìde, ilẹ̀ náà á bó o lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọdọọdún ni ilé ìwòsàn ń gba irú wọn. Ẹ rántí orúnkún Ìyá Wàsíù.

Wàsíù tún sọ fún mi pé òun ń wo ilé fún yín ní Sun City. Ìlú àwọn àgbà ni, wọ́n ṣí i ní 1 oṣù Kìíní, 1960, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n ń wa ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbá gọ́ọ̀fù lójú títì. Ṣé ó sọ òfin ibẹ̀ fún yín? Ó kéré tán ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 55, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 19 kò sì gbọdọ̀ máa gbé ibẹ̀. Ó lè wá kí yín, kó sùn díẹ̀, kó máa lọ. Ìlú tí kò sí igbe ọmọ! Tí ẹ bá fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ nítorí àwọn méjì tó wà níbí, ìlú tí àwọn méjì náà kò lè bá yín gbé ni wọ́n ń mú yín lọ. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ eruku ńkọ́? Láti àárín oṣù Kẹfà títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ìgbà ìjì. Eruku á dìde bí ògiri, á bo odindi àdúgbò, àwọn awakọ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á pa iná mọ́tò. Tí ẹ bá rò pé ọyẹ́ ni, kì í ṣe ọyẹ́. Olú kan wà nínú ilẹ̀ aṣálẹ̀ yìí tí ojú kò lè rí. Tí eruku bá gbé e, tí èèyàn fà á símú, ó lè fa àìsàn tí wọ́n ń pè ní Valley Fever: ikọ́, ibà, àárẹ̀ tó lè gbé ni ṣánlẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kì í ran láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀ láìlo oògùn. Ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ti máa ń le jù, tó lè kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí eegun tàbí ọpọlọ. Ó máa ń le lára àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà. Ìyá Wàsíù ní méjèèjì, awọ dúdú àti ṣúgà. N kò ro ibi ro yín o, ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ.

Dókítà tí yóò tọ́jú rẹ̀ ńkọ́, ta ló ń sanwó? Medicare ni ìjọba fi ń tọ́jú àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ní Amẹ́ríkà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gíríìnì káàdì, gbọ́dọ̀ gbé ibí fún ọdún márùn-ún léraléra kó tó lè fi owó ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, Wàsíù ni. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Èkó ń san fún yín kò lè ra nǹkan kan nínú rẹ̀, ká má tanra wa.

Omi náà wà níbẹ̀ o. Apá kan nínú omi tí a ń mu, odò Colorado ni wọ́n ti ń fi kánàlì tó gùn tó kìlómítà 540 gbé e wá gba inú aṣálẹ̀. Odò náà ń fà. Lọ́dún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde pé omi rẹ̀ kò tó mọ́, wọ́n sì dín ti Arizona kù. Lóòótọ́ omi ṣì ń jáde nínú ẹ̀rọ wa, kò sì ní dá lọ́la. Àkekèé náà wà. Ẹ ó máa gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Èmi ò sọ pé kí ẹ má wá. Ẹ wá ní oṣù Kejìlá pẹ̀lú físà àlejò, ẹ lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ bá àwọn ọmọ ṣeré, kí orúnkún Ìyá Wàsíù gba oòrùn gbígbẹ, ó lè ràn án lọ́wọ́. Kí oṣù Kẹrin tó parí, ẹ wà nílé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé gíríìnì káàdì ni ẹ ó fi máa ṣe lọ-ká-bọ̀ yẹn. Ẹni tó bá gbà á, tó wá lọ jókòó sílé ju ọdún kan lọ láìgba ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n lè kà á sí pé ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ìbéèrè ló ń dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ilé Pápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Dangote ti dé Ìbéjú-Lẹ́kkí ni àwọn oníbàárà ilẹ̀ ti ń yọ́ kiri, iye tí wọ́n ń pè fún yín kò tó, ó sì dá mi lójú pé wọn ò ní padà tà á fún yín. Tí Wàsíù bá ní owó tó fẹ́ fi ra ilé ní Sun City, kó fi díẹ̀ nínú rẹ̀ gbé sólà sórí òrùlé yín, kó fi AC sí yàrá yín, kó gba nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi náà á dá owó sí i. Ẹ ó jẹ òbòkún tútù láti Olúwo, ẹ ó sì wà níbẹ̀ fún Káyòkáyò.

Tó bá pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má ní èmi ni mo kọ̀wé o, kí ó má bàa máa ṣàwáwí fún mi. Ẹ kàn rọra bi í léèrè pé, oṣù Keje tó kọjá, kí ló gbé òun àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ dé òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kó tó dáhùn, ẹ gbọ́ bí yóò ṣe kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Èmi ni àbúrò yín,
Rìsíkátù