Lẹ́tà sí Àjàní lórí Honda Bàámi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ voice note ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ìgbà kejì èmi àti ìyàwó mi la jọ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́ẹ̀ da ọbẹ̀ nù. Ìwọ tó o wà nínú òtútù ní Birmingham lọ́hùn-ún lo wá ń bú mi pé mo ti ba máṣíìnì Bàámi jẹ́, pé mo lọ fi ẹ́ńjìnì ayédèrú sínú ojúlówó Honda. Kò burú. Mo ní n ò ní fi fóònù dá ẹ lóhùn torí tá a bá ń jiyàn lórí fóònù ìwọ lo máa ń pariwo jù, jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó o kà á tán kó o tó lanu.

Ṣó o rántí máṣíìnì náà dáadáa ṣá? C70, aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù funfun níwájú tí kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí ṣòkòtò Bàámi. Owó Udoji ló fi rà á lọ́dún 1975, ìgbà tí ìjọba san owó oṣù tuntun pẹ̀lú àjẹẹ́lẹ̀ ẹ̀, táwọn tíṣà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé wá di ẹni tó ń gun máṣíìnì. O rántí bó ṣe máa ń fọwọ́ kan wà á, tó fi ọwọ́ kejì di agboòrùn mú? Mo ṣe bí àṣejù ni nígbà yẹn, àṣé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde ní Japan lọ́dún 1958, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà lè fọwọ́ kan wa máṣíìnì kó fi ọwọ́ kejì gbé abọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Orí ẹ̀ lèmi àti ẹ ti kọ́ wíwà. Àpá ọjọ́ tó o já wa sí gọ́tà ṣì wà lórókún mi. Bàámi dé, kò wojú ẹnikẹ́ni, fírémù ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn kíṣìnnì ni wọ́n gbé e sí, adìẹ sì ń yé sórí síìtì ẹ̀. O mọ̀ pé mo ti tún méjì ṣe kí n tó kàn án, Suzuki AX100 yẹn àti Vespa tí mo tà tí mò ń kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní, nítorí náà mi ò dédé fọwọ́ kan ohun tí mi ò mọ̀. Fírémù ẹ̀ kò jẹ rárá, ìsàlẹ̀ ibi tí bátìrì ń jókòó nìkan ló dípẹtà. Ẹ́ńjìnì ló ti jáàmù. Mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí pé ẹ́ńjìnì yẹn dídùbúlẹ̀ ló dùbúlẹ̀, mo ní láti gbé e nàró kí n tó lè bu dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì bíréèkì sínú silíńdà ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà, màá lọ gbé pákó lé písítìnì lórí, màá fi hámà kàn án kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé àna ẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló mì.

Ìgbà tó jáde, mo fi àkísà nu orí ẹ̀, kí ni mo rí? 1.00. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kedere. Àjàní, ṣó o mọ ohun tíyẹn ń sọ? Ẹnu silíńdà C70 látilé iṣẹ́, mìlímítà 47 ni. Tó bá jẹ, wọ́n á rìbọ́ọ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á gbẹ́ ẹnu ẹ̀ fẹ̀ sí i, wọ́n á fi písítìnì tó fi mìlímítà 0.25 tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, lẹ́yìn ẹ̀ 0.50, lẹ́yìn ẹ̀ 0.75, lẹ́yìn ẹ̀ 1.00, ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Bàámi tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ò tú ẹ́ńjìnì yẹn rí láti ọjọ́ tóun ti rà á! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Mo gbé silíńdà lọ fún ẹni tó ń rìbọ́ọ̀, ó kì ìka bọ̀ ọ́, ó ní, “Ọ̀gá, kò sẹ́ran lára ẹ̀ mọ́.” Kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó di písítìnì mú, náà ń jó. Tá a bá ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀, odidi ẹ́ńjìnì tuntun kò tó iye yẹn.

Bí mo ṣe dé Gate lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnì nìyẹn o. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnì kan síwájú mi, ó ń dán, wọ́n lẹ 125 mọ́ ọn lára gàdàgbà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n lù sí irin ẹ̀ nísàlẹ̀: 147FMD. 1 yẹn, silíńdà kan ni, 47 ni fífẹ̀ ẹnu ẹ̀, 72cc ni gbogbo ẹ̀. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnì C70 lẹ fẹ́ tà fún mi lórúkọ 125.” Ó wò mí tìtì, ó ní ṣé èmi náà ń tà á ni. Ṣọ́ọ̀bù kẹrin ni mo ti rí 154FMI, èyíinì ni 54 níbùú, 54 náà sì ni písítìnì ń rìn, tó fi fẹ́ẹ̀ pé 124cc.

Bóòtù méjì péré ló so ó mọ́ fírémù lẹ́yìn. Ihò ẹ̀ wọ inú ara wọn bí ọmọ ìyá kan náà, torí àpẹẹrẹ Honda yẹn náà làwọn ará Ṣáínà mú. Iná ló yọ mí lẹ́nu. Fóòtì 6 ni ti Bàámi, fóòtì 12 ni tuntun, èmi náà wá ń ṣe bí ọ̀lẹ, mo ní kí n kọ́kọ́ fi gílóòbù àtijọ́ wò ó ná. Ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ní pó. Mo bá pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, gílóòbù, fèrè, bátìrì, tó fi mọ́ èyí tó ń ṣẹ́ iná tráfíkétà. Kàbúrétọ̀ tuntun náà ń gbá láílọ́ọ̀nù iwájú, mẹkáníìkì ní ká gé láílọ́ọ̀nù, mo ní ẹni tó bá gé e á gé mi pọ̀ mọ́ ọn, a wá ọrùn mìíràn tó tẹ̀ fún un.

Ó ń lọ o. Ó tiẹ̀ ń lọ jù. Agbára ẹṣin 6 ni wọ́n ṣe bíréèkì yẹn fún, èmi wá lọ gbé àyà kìnnìún fún ewúrẹ́, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ló ṣì fi ń dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan, mo tẹ bíréèkì, mo dé ibi tí mi ò pinnu àtidé. Mo ti fi bíréèkì ṣúù tuntun sí i, mi ò sì ń kọjá 50 mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ayédèrú tó o sọ. Bantam, máṣíìnì àwọn Òyìnbó tó o ya fọ́tò ẹ̀ sí mi lọ́jọ́sí, tó o dúró síwájú ẹ̀ bí ẹni pé ìwọ lo ni ín, ṣebí Small Heath ní Birmingham níbẹ̀ yẹn ni ilé iṣẹ́ BSA ti ṣe é? Ó dáa. DKW RT125 tàwọn ará Jámánì ni wọ́n wò ṣe é, lẹ́yìn ogun, ọdún 1948 ló jáde, ńṣe ni wọ́n tiẹ̀ yí ẹ́ńjìnì ẹ̀ padà bí ìgbà tèèyàn ń wo dígí kí jíà lè bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó mọ́ àwọn Òyìnbó lára. Rọ́ṣíà mú un, Harley mú un, Yamaha àkọ́kọ́ pàápàá, tọdún 1955, òun náà ni wọ́n wò ṣe. Kí ló dé tó jẹ́ ti Ṣáínà nìkan lo rí bú?

Nítorí náà ẹjọ́ tìẹ kò dùn mí. Ohun tó dùn mí nìyí, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo parí ẹ̀, mo gùn ún lọ sílé kí Màámi lè rí i. O rántí pé nígbà náà, tí Bàámi bá ti yà ní jóńṣọ́ọ̀nù, Màámi á ti gbọ́, á ti gbé omi ẹ̀bà kaná, tí Bàámi bá fi máa gbé e dúró tán omi ti ń hó. Mo yà ní jóńṣọ́ọ̀nù, mo dé ẹnu géètì, mo tẹ fèrè, kò séèyàn. Mo wọlé, mo bá a níbi tó jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó jáde wá wò ó, ó fọwọ́ pa síìtì ẹ̀, ó gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo gbọ́ nígbà tó ń bọ̀. Mo rò pé ọlọ́kadà ni.”

Ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti fi gírísì pa á. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ẹ nìyí, torí C70 pọ̀ lọ́dọ̀ yín, àwọn bàbá Òyìnbó tó ń tún un ṣe náà sì pọ̀: wá silíńdà àti písítìnì sítáńdáàdì bá mi, àti kọ́nrọ́ọ̀dù kan pẹ̀lú bíárìn ẹ̀. Tòkunbọ̀ kò burú tó bá mọ́. Sọ fún wọn pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70E àti pé fóòtì 6 ni, kí wọ́n má gbé tàwọn ìkẹyìn fún ẹ. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, màá san owó ẹ̀ fún ìyá ẹ níbí.

Màámi ní kí n kí ẹ, ó ní ṣó o ń jẹun.

Èmi ni,
Àkànní

Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní fífẹ̀ ẹnu ẹ̀, 47 ni o. Kì í ṣe 48.