Ẹ bá wa tẹ́ẹ̀sì omi yìí ná kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù wa pa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta,

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa aláró àti aládìrẹ Ìtòkú la ń kọ̀wé sí yín, akọ̀wé ló ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ẹ bá wa fojú fo àṣìṣe.

Wọ́n ní àwa la ń ba odò Sokori jẹ́. A ò ní purọ́, omi aró wa ń wọ gọ́tà, gọ́tà ń gbé e lọ Sokori, Sokori ń já sódò Ògùn, odò Ògùn náà ò sì dúró s'Abẹ́òkúta, ọ̀sà Èkó ló ń lọ. Ohun tá ò fara mọ́ ni kí àwọn kan máa halẹ̀ pé àwọn máa fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi èsì kankan hàn wá.

Ewé ẹlú làwọn ìyá wa ń gún, omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Àwa ń lo aró òyìnbó, kọ́sítíìkì (sódà líle) àti haidirós (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yòrò sínú omi), torí kọ́sítọ́mà tó fẹ́ aṣọ òde lọ́la ò ní dúró de ẹlú. Kọ́sítíìkì ń bó ọwọ́, haidirós ń jẹ atẹ́gùn inú omi tán, ẹja ò wá ní rí nǹkan mí. Ẹ gbé àjẹkù aró sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú, búlúù á ti sùn sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀, omi òkè á mọ́ díẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti dáa, àmọ́ ẹ ki ìka bọ̀ ọ́, ó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ. Kọ́sítíìkì ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, láàbù ló lè mọ̀ ọ́n.

Àìmọye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti wá bá wa, wọ́n á kó ike wá, wọ́n á bu omi gọ́tà, wọ́n á bu ti kànga, wọ́n á ya wá ní fọ́tò, próójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe. A fún wọn ní àga, a tún ra míníráàsì fún àwọn míì. Kò sẹ́ni tó padà wá sọ nǹkan tó rí fún wa! Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà kan láàárín wa ṣì ń mu omi kànga tó wà nítòsí ibi tá a ti ń da aró. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òjé (lẹ́ẹ̀dì, irin olóró) inú omi mímu ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan, ta ló máa fahọ́n mọ ìyẹn?

Ẹ dákun, ẹ bá wa pe àwọn ará yunifásítì Àlábàtà. Kí wọ́n bu omi Sokori lókè ibi tí omi wa ti ń wọ̀ ọ́, kí wọ́n tún bù ú nísàlẹ̀, torí ọ́ìlì mẹkáníìkì àti omi ìdọ̀tí ilé ń wọ ibẹ̀ náà, ká lè mọ èyí tó jẹ́ tiwa. Kí wọ́n ṣe é nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, kí wọ́n sì ka èsì náà fún wa ní Yorùbá, kànga ìyá yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe.

Tẹ́ ẹ bá tún lè fún wa nílẹ̀ kékeré ká gbẹ́ táǹkì alájọlò tí aró á máa sùn sí ká tó da omi nù, àwa la máa dáwó sìmẹ́ńtì. Tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n wá nírọ̀lẹ́, ìgbà yẹn la máa ń da aró nù.

Àwa aláró àti aládìrẹ Ìtòkú, Abẹ́òkúta