Sí Àǹtí Mi, Nítorí Páálí Ìwé Tí Ẹ Sun

Àǹtí mi,

Mo rí fọ́tò ọjọ́ ìbí yín. Ẹ ti pé ẹni àádọ́ta ọdún! Léèsì pupa yẹn gbà yín, ẹ sì tún sanra díẹ̀, ó yẹ yín. Mo gbé fóònù sún mọ́ Màámi lójú, mo ní, "Ta nìyí?" Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ìyàwó pásítọ̀ ni. Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò kúkú ṣì í sọ.

Ẹ ó pẹ́, ẹ ó gbó, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí kọ́ ló ní kí n kọ̀wé, ìwé kan ni. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà kí n ra ọsàn, ni mo bá rí Pet Sematary ti Stephen King lórí ọ̀rá àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Mi ò ná an. Iye tí ọmọkùnrin yẹn pè ni mo san, èmi tí mo máa ń ná atarodo.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní nọ́fẹ̀lì kíkà. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ ní Bárìgà, ẹ ó gbé àbẹ́là sábẹ́ àgbọ̀n kí ojú yín lè dà bí ti òkú, ẹ ó máa kà, ẹ ó máa yí i sí Yorùbá fún mi bí ẹ ṣe ń lọ. Èmi á ti ká ẹsẹ̀ mi kò kí nǹkan kan má baà fà á láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra mi. Àfi Sátidé tí ẹ ti ìṣọ́ òru dé, tí ẹ ní wọ́n ti sọ fún yín pé ẹ̀mí òkùnkùn ń gba inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìwé kún páálí mílíìkì odidi kan. Kẹrosíìnì tí Màámi fẹ́ fi se ẹ̀wà lẹ dà lé e lórí lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ mi lẹ ti gba èyí tí mò ń kà lọ́wọ́, Pet Sematary yìí náà. Ọkọ̀ àjàgbé ti pa Gage, ọmọ Louis. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ó ti ń ro èrò tí kò yẹ kí dókítà rò, torí ó mọ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń sin òkú sí tí òkú fi ń padà wá sílé. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti gbà á. Kì í tiẹ̀ ṣe ìwé wa. Ti bọ̀dá yàrá iwájú ni, èmi ni mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bẹ̀ ẹ́, torí mi ò mọ èwo ni màá ṣe.

Ohun tí kò sì yé mi dòní ni pé ìwé Fágúnwà ti Bàbá wà lórí pẹpẹ. Ẹ ò fọwọ́ kàn án. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹbọra, iwin àti egbére, ará ilé, ará oko. Ẹ̀mí òkùnkùn ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ló ń gba inú ìwé wọlé, àbí ẹ mọ̀ pé Bàbá á nà yín?

Látìgbà náà ni mo ti ń dá kàwé, tí mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Beloved ti Toni Morrison, wọ́n ní ó le. Kí ló le níbẹ̀? Àbíkú ni! Ìyá pa ọmọ kí wọ́n má baà kó o padà sóko ẹrú, ọmọ dàgbà níbi tó lọ, ó tún padà wá tòun ti àpá lọ́rùn, ó ń jẹ nǹkan dídùn, kò yó. Màámi ì bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó fẹ́ràn ìparí rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ló kóra jọ tí wọ́n kọrin síwájú ilé náà. Ẹgbẹ́ aládùúrà yín gẹ́lẹ́.

Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, mi ò kà á tán. Ìgbà tí ọmọ kejì kú ni mo pa á dé. Ẹ mọ ìdí.

Ti Oyinkan Braithwaite, My Sister, the Serial Killer, òru kan ni mo fi kà á nígbà tí Màámi wà ní wọ́ọ̀dù, mo sì ń fọwọ́ bo ẹnu kí nọ́ọ̀sì má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Àbúrò ń pa ọ̀rẹ́kùnrin, ẹ̀gbọ́n ń fi bílíìṣì nulẹ̀. Orí afárá Third Mainland ni wọ́n ti ju òkú sínú ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀! Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi. Nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n ló ń fọ nǹkan tí wọ́n dà sílẹ̀. Nílé tiwa àbúrò ni, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti Shirley Jackson, The Haunting of Hill House, tó jáde ní 1959. Ilé abàmì ni wọ́n ní ó dá lé. Ilẹ̀kùn ń dá ara rẹ̀ tì, wọ́n ń kan ògiri lóru, kò bà mí lẹ́rù. Eleanor ló bà mí lẹ́rù. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Lóru ọjọ́ kan ìyá kan ògiri fún oògùn, ilẹ̀ mọ́, ìyá ti kú. Eleanor ò mọ̀ bóyá òun jí, tí òun gbọ́, tí òun tún sùn padà.

Àǹtí, òrùka ni Màámi fi ń kan ògiri. Ọwọ́ òsì nìkan ni rọpárọsẹ̀ ṣẹ́kù fún wọn. Kò, kò, kò. Àwọn òru kan wà tí mo máa ń ka iye ìgbà tó dún kí n tó dìde.

Mo wá ka Pet Sematary tán. Gage padà wá, mo ti mọ̀ pé kò ní dáa. Zelda ni mi ò retí. Zelda ẹ̀gbọ́n Rachel ìyàwó Louis, tí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn wó mọ́lẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún àlejò, tó kú mọ́ Rachel ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́. Rachel sá jáde, ará àdúgbò rò pé ẹkún ló ń sun. Òun alára rò pé bóyá ẹ̀rín ni. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ Zelda wà níwájú ibi tí ẹ ti gba ìwé lọ́wọ́ mi. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́mọdé, mo sáré fò ó, torí òkú tó ń jí ni mò ń wá. Iná yín ò pa ohunkóhun mọ́ fún mi. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ti wọlé tipẹ́.

Ṣé ẹ̀yin ti kà á tán kí ẹ tó sun ún? Ìbéèrè yẹn ń dà mí láàmú ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ mọ̀ nípa Zelda, ẹ sì tún wọ bàálù, ẹ fi èmi àti Màámi sílẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má fi ohùn àdúrà aago méjìlá òru ránṣẹ́ mọ́, fóònù á dún, Màámi á jí. Ọmọbìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ti lọ. Lánlọ́ọ̀dù ti fi kún owó ilé. Ẹ wá, oṣù kan péré, kí ẹ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, kí n lọ sùn ní Ṣómólú lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ má wulẹ̀ kó aṣọ òde wá. Pámpásì àgbà ni kí ẹ kó sínú báàgì, sáìsì lájì. Èyí tí wọ́n ń tà ní Yaba ń jò.

Èmi ni, àbúrò yín.